Ilé Olóyè Ọlábímtán Lẹ́bàá Ojú Irin

Ilé kan ṣoṣo ló dá wàhálà náà sílẹ̀, ilé ọ̀hún kò sì tóbi ju páálí ṣúgà lọ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, gbogbo fèrèsé rẹ̀ pé, irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun ẹnu ológbò. Olóyè Ọlábímtán gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dára. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí. Èyí tó tóbi wá dà?"

"Òun náà nìyẹn, sà," ni Kíkẹ́olúwa fèsì.

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lẹ́nu Olóyè. Ó dúró díẹ̀ bí àlejò tí wọn kò tíì sọ fún pé onílé kò sí nílé.

Ilé Kíkẹ́olúwa ní Durumi la wà lọ́jọ́ náà. Èmi, Olóyè, àti Olúṣèyí tí í ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìdí-Orógbó, ẹ̀ka Àbújá. Yàrá tí ẹlòmíràn ì bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àlejò sí ni Kíkẹ́olúwa gbé ẹ̀rọ léésà rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ náà jọ firísà tí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ ọsàn ṣe ìdérí fún. Èèyàn á ya ògiri ilé sórí kọ̀ǹpútà, á tẹ́ pákó sínú ẹ̀rọ, ìtànṣán kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ á wá máa rìn lórí ìlà, á máa jó o lọ, títí ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé á fi já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé. Fáànù wà lójú fèrèsé tó ń lé èéfín síta. Ẹni tó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀, torí pákó tó ń rọra jó lè yí ọkàn padà kó jó tán.

Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní ìgbèríko ni Kíkẹ́olúwa ń ṣe ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan, ṣùgbọ́n nílé, reluwéè kékeré ni. Ó ti kọ́ gbogbo sítéṣàn Ìdí-Orógbó sórí tábìlì: ilé tíkẹ́ẹ̀tì, pèpéle tí èrò ń dúró sí, tánkì omi lórí ẹsẹ̀ irin gíga, igi máńgòrò, àti àwọn ilé tó yí i ká. Ọkọ̀ ojú irin tí kò gùn ju apá èèyàn lọ á máa gba àárín wọn kọjá, iná mànàmáná ló ń gbé e sáré.

Eré ọmọdé kọ́. Kérésìmesì tó gbẹ̀yìn kí ìjì tó ká òrùlé sítéṣàn náà lọ, òun àti bàbá rẹ̀ fi téèpù wọn ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bàbá di orí téèpù mú, ọmọ ń pe iye. Bàbá ti kú báyìí. Àwókù sítéṣàn náà, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Nítorí náà, orí tábìlì ọmọ yìí nìkan ni sítéṣàn wa ṣì ti dúró ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹgbẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e wá síbi Àyájọ́ Ìdí-Orógbó, kí akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba kan, tí yóò jẹ́ àlejò wa pàtàkì, lè rí i.

Olóyè Ọlábímtán ni alága wa. Dáyírẹ́kítọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Oyè tó wà lórí káàdì tó ń pín fún èèyàn pọ̀ débi pé ẹ̀yìn káàdì ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ sá sí.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "bóyá o kò mọ ilé tí mo gbé dání yìí. Ilé bàbá mi ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Ìdí-Orógbó."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. A wọ̀n ọ́n."

"Ẹ wọ̀n ọ́n, ó wá rí báyìí?" Ó nawọ́ sórí tábìlì. "Kí nìyẹn?"

"Tánkì omi reluwéè, sà."

"Ó ga ju ilé bàbá mi lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó ṣe rí nílé nìyẹn."

"Kai! Ta ló máa ń wo tánkì nílé?"

Kíkẹ́olúwa gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dá a padà sáyè rẹ̀. "Ẹ wò ó, sà. Gbogbo ohun tó wà níbí ni mo pín sọ́nà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, mo wá mú ọ̀kan níbẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì ló fi pe iye náà, mi ò lè dá a lẹ́bi. "Ilé, igi, èèyàn, ọkọ̀, ìwọ̀n kan náà ni. Tí mo bá sọ ilé yín nìkan di ìlọ́po mẹ́ta, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀."

"Àwọn èèyàn ilé wa ga," ni Olóyè wí.

Ẹ̀rín pa Olúṣèyí, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́.

"Mi ò ní ṣe é, sà," ni ọmọbìnrin náà wí.

Ẹnu yà wá. Àwa tí wọ́n bí nílé mọ bí a ṣe ń kọ̀ fún àgbà: a ó ní a ti gbọ́, a ó wò ó, kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́, a kò sì ní ṣe é títí ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Àbújá, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, kò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti fi yí kiri. Èyí tó bá ní náà ni yóò sọ.

Nígbà tó di ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi, Olóyè gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ilé. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń ṣèpàdé, àwọn bẹ́ńṣì tí kò gba ìdí àgbàlagbà la sì ń jókòó sí. Mo rò pé ẹnìkan yóò dìde gbèjà ọmọ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn gbọ́ nínú gbogbo ẹjọ́ náà ni pé ilé àwọn wà lórí tábìlì.

"Ilé tiwa náà ńkọ́?" ni Abdulqoyum tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì bèèrè. "Ilé wa sún mọ́ sítéṣàn ju ti Olóyè lọ."

"Ṣé wọ́n ya kànga wa síbẹ̀?" ni Màmá Ẹfúnróyè wí, òun ni ìyá ẹgbẹ́.

"Ó wà níbẹ̀, Mà," ni Kíkẹ́olúwa dáhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣítù, ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ kò tíì rí páànù láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n dé góńgó, rọra dìde. "Èmi ò ní kí wọ́n sọ tiwa di ńlá o. Kí wọ́n ṣáà bá wa bò ó."

"Ṣé ó ti lórùlé nílé, sà?" ni Kíkẹ́olúwa bi í.

"Kò tíì ní."

"Kò tíì ní lórí tábìlì náà nìyẹn."

Ni ilé bá dàrú. Ká tó tú ká, ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n sì ti fẹnu kò sí bí wọn yóò ṣe pín títóbi: ti alága di ìlọ́po mẹ́ta, ti igbákejì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ti àwọn ìjòyè tó kù fi ìdajì tóbi sí i, kí ti ọmọ ẹgbẹ́ lásán wà bó ṣe wà. Inú wa dùn sí i púpọ̀. A ní kò sẹ́ni tí a rẹ́ jẹ. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ọkọ̀ ojú irin yóò gbà kọjá.

Kíkẹ́olúwa tún dìde. "Mi ò ní gé ẹyọ kan níbẹ̀."

"Ìwọ lò ń bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ báyẹn?" ni igbákejì alága bèèrè.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní gé e. Bí ilé kan bá parọ́, mi ò tún lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òótọ́ ni èyí tó kù. Èmi àti bàbá mi la wọ̀n ọ́n."

"Má gbé e wá mọ́ nígbà náà!"

"Ó dáa, sà. Ẹ bá mi sọ fún àlejò yín pé reluwéè ò sí mọ́."

Ibẹ̀ ló ti mú wa. A ti tẹ ìwé ìpè, a ti pín in, àwòrán ọkọ̀ ojú irin náà ló sì wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Olóyè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kó ṣe bó ṣe fẹ́. Àwa tí a ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí mọ irú ẹ̀rín yẹn: òun ni ọ̀gá máa ń rín nígbà tí fáìlì kan bá fẹ́ sọnù.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Karmo ló gbà lọ.

Lọ́jọ́ Àyájọ́, Kíkẹ́olúwa ti dé gbọ̀ngàn kí àwọn tó ń to àga tó dé. Èmi àti Olúṣèyí bá a gbé àwọn pákó tó kọ́ ìlú náà lé wọlé. Ó fi ìdè onísúkúrù de wọ́n pọ̀, ó so ojú irin mọ́ra, ó tan iná sí i. Ọkọ̀ náà yí gbogbo ìlú po láìkọsẹ̀. Ó wá jáde lọ fọ ọwọ́.

Ìgbà tó padà dé, ilé kan tó tó tẹlifíṣọ̀n ńlá ti wà láàárín Ìdí-Orógbó. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ rósì. Wọ́n fi lẹ́tà wúrà kọ ILÉ ỌLÁBÍMTÁN sí iwájú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ yọ ọrùn sórí pèpéle, ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ sì tẹ ojú irin mọ́lẹ̀ pátápátá. Ilé kékeré àkọ́kọ́ wà lábẹ́ tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ páálí omi mímu.

Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ilé kékeré, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó fi sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa iná reluwéè, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

Àlejò wa wọlé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olóyè tó wọ agbádá aláṣọ òkè mú un lọ tààrà síbi tábìlì, ó fi ilé rósì hàn án kó tó fi ìlú hàn án.

"Ó dára o," ni obìnrin náà wí. "Ṣé ọkọ̀ yìí kì í sáré ni?"

"Ó ń sáré dáadáa! Kíkẹ́olúwa, tan iná sí i."

"Ojú irin ò ṣófo, sà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ilé yín."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́ láti ẹ̀yìn. Olóyè súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí. "Sún ojú irin díẹ̀."

"Reluwéè ló kọ́kọ́ débẹ̀, sà. Bàbá yín fúnra wọn, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n kọ́lé sí. Wọn ò kọ́ ọ lé e lórí."

"O mọ̀ pé mo lè ní kí wọ́n kó gbogbo pákó yìí síta?"

"Mo mọ̀, sà. Mo gbé mọ́tò wá."

Ó mú súkúrúdíráífà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè àkọ́kọ́, lójú akọ̀wé àgbà, lójú àwọn oníkámẹ́rà, lójú gbogbo wa. Ó tú u láìkánjú. Ìdè àkọ́kọ́ bọ́. Ó bọ́ sí èkejì. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe pé ó ń dẹ́rù bà wá. Ó ń palẹ̀ mọ́ ni.

"Ọlábímtán."

Màmá Ẹfúnróyè ni. Kò pè é ní Olóyè, kò pè é ní alága. Bó ṣe ń pè é nígbà tó ṣì ń rìn níhòòhò lẹ́yìn ọjà ló ṣe pè é.

"Mà?"

"Gbé ilé bàbá ẹ kúrò lọ́nà, kí ọkọ̀ kọjá."

Kò sẹ́ni tó gbèrò láti bá a gbé e. Ta ni yóò fọwọ́ kan ilé bàbá alága láìgba àṣẹ? Òun fúnra rẹ̀ ló ká agbádá sí èjìká tó bẹ̀rẹ̀. Pákó káfíńtà yẹn wúwo. Ó gbé e dìde tán, ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi tí yóò gbé e kà. Ohun mímu ló kún orí tábìlì yòókù. Kò sì lè gbé ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níṣojú àlejò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e dání, tó dì í mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́.

Kíkẹ́olúwa dá àwọn ìdè padà. Ó yọ ilé kékeré jáde nínú àpò, ó fi sí àyè rẹ̀ lábẹ́ òjìji tánkì, ó tan iná. Ọkọ̀ náà gbéra. Ó gba iwájú kànga kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé aláìlórùlé kọjá (Ọ̀gbẹ́ni Ṣítù fi ìka hàn án fún ìyàwó rẹ̀, ó ń yangàn), ó yọ sí pèpéle. Akọ̀wé àgbà bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ilé tíkẹ́ẹ̀tì dọ́gba. Kò tètè dìde.

Àwọn oníkámẹ́rà ní tiwọn ti rí Olóyè tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dání. Iná kámẹ́rà ń kọ yẹ̀rì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti mọ bó ṣe yẹ kó gbé e tí lẹ́tà wúrà yóò fi hàn.

Nígbà tí èrò dínkù, ó wá síbi tábìlì. Wọ́n ti bá a wá àga fún ilé ńlá náà. Ó dúró pẹ́, ó ń wo ilé kékeré bíi páálí ṣúgà yẹn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀.

"Yàrá tí mo ń sùn sí nígbà kékeré nìyẹn," ni ó wí. Kò fi ohùn dáyírẹ́kítọ̀ sọ ọ́. "Mo lè mú un lọ sílé? Pálọ̀ ni màá gbé e sí."

"Èyí ò kúrò níbẹ̀, sà," ni Kíkẹ́olúwa wí. "Màá gé òmíràn fún yín."

"Ìwọ̀n kan náà?"

"Ìwọ̀n kan náà."

Olóyè Ọlábímtán fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà tó ti wà lórí bọ́tìnnì reluwéè, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀ kí agbádá rẹ̀ má bàa kan ojú irin.