Ọ̀pá Tí Kò Tíì Gòkè

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin wa méjèèjì kọlu ara wọn nísàlẹ̀ Abà Ìrókò.

Ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan ló tẹ́ irin náà láyé àwọn bàbá wa, láti inú igbó dé ẹ̀bá títì ní Ìgèdè. Nígbà tí wọ́n kó lọ, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa gbé ẹ́ńjìnnì lé ọkọ̀ méjì, a sì ń fi wọ́n kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ni. Nítorí náà a ní ọ̀pá kan tí a kùn ní ọ̀dà pupa: ọkọ̀ tí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ nìkan ló gbọdọ̀ rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dàmọ́lá àbúrò mi, tó ń wa ọkọ̀ kìíní, ti mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìgèdè.

Òjò ń rọ̀ lábà. Ilésanmí, tó ń wa ọkọ̀ kejì, ti di ẹrù tán. Èmi ni mo wà nídìí búréèkì ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ ra kòkó ti ti Adó dé, ó ń dúró ní títì, ó sì ti ń kanra.

"Ẹ máa lọ," ni Bàbá Bámgbóyè, olórí ẹgbẹ́ wa, wí.

"Bàbá, ọ̀pá ò tíì dé," ni Ilésanmí fèsì.

"Orí àpáta tí mo ti ń bọ̀ yìí, Dàmọ́lá ni mo lọ fi fóònù pè níbẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ó ní àfi tí òjò bá dá kí òun tó gbéra."

Àtinúkẹ́, tó ń fi tapólì bo kòkó, dá sí i. "Ẹ ṣáà jẹ́ ká rí ọ̀pá náà, Bàbá."

Bàbá yíjú sí i. "Ìwọ náà? Èmi tí mo sọ Ilésanmí lórúkọ, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò wá tó igi?"

Ilésanmí dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá." Nígbà tó dìde, ó rọra sọ fún mi pé, "Bí mo bá kú, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún ìyàwó mi o."

"Bí àwa méjèèjì bá kú ńkọ́?"

"Kó lọ bi Bàbá."

A gbéra. Irin ń yọ̀, ẹrù ń tì wá. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ òkè tán, mo rí i pé oòrùn ti yọ níwájú, ewé kòkó sì ti ń gbẹ.

"Ilésanmí, òjò ti dá níhìn-ín!"

"Mo rí i! Tẹ̀ ẹ́!"

Mo fi gbogbo ara tẹ búréèkì. Ọkọ̀ kò dúró. Èéfín dúdú yọ lókè igi kòkó níwájú, ó ń bọ̀ wá bá wa. A pariwo títí ohùn wa fi há. Dàmọ́lá yọ ní kọ́nà, ó rí wa. Kò fò sílẹ̀. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan ti búréèkì mọ́lẹ̀.

Bàbá kò parọ́. Òjò ló dá ní Ìgèdè kó tó dá lábà.

A bá ọ̀pá pupa náà nídìí ìjókòó Dàmọ́lá, kò ṣẹ́. Nílé ìwòsàn ní Adó, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún.