Ẹsẹ̀ Òsì Aránṣọ

Oyún aránṣọ ti pé oṣù méje nígbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ń ro ó, ó sì gbóná.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó bí méje tí kò ṣàárẹ̀ ọjọ́ kan, fi í rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ olóyún wo ni kì í wú? Nà á wá jàre, kí n fi òróró gbígbóná ra á dáadáa."

Ìyá ò lérò ibi o. Bó ṣe ń tọ́jú gbogbo olóyún ilé nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì le.

Àmọ́ aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í fojú díwọ̀n. Ó fa téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọn ọ̀tún, ínṣì mẹ́rìnlá. Ó wọn òsì, mẹ́rìndínlógún. Ó tún un wọ̀n, bákan náà ni.

"Ìyá, tó bá jẹ́ oyún ló ń wú wọn, kí ló dé tó ń ṣe ojúsàájú? Tí mo bá rán ṣòkòtò báyìí fún oníbàárà, ṣé ó máa gbà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òróró yẹn sílẹ̀ ná. Ọsibítù ni mò ń lọ."

"Ọmọ òde òní! Ẹ̀rù ń tètè bà yín jù."

Ìyá tẹ̀lé e, ó ń kùn títí wọ́n fi débẹ̀.

Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ò bá wọn ṣeré rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú ló gbé lé ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan yín níbí. Tó bá já, tó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa yín àti ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

Ìyá kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni dókítà kọ fún aránṣọ, sí awọ ikùn lójoojúmọ́. Kò ní ṣe ọmọ inú ní nǹkan kan. Wọn á dá a dúró díẹ̀ tí ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn á sì tún gún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sọ àyà pé òun lòun á máa gún un. Alápatà ni, àràbà ọkùnrin tó ń la màlúù sí méjì láàárọ̀. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ó wo ikùn ìyàwó, ó wo abẹ́rẹ́, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gún un, pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó pọ̀, kò sì fo ọjọ́ kan.

Ó bí obìnrin, ọmọ tí ẹkún rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe nawọ́ sí abẹ́rẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ti mú un.

"Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi. Jẹ́ kí n bá ọ ṣe é lónìí."

Ó gún un, omijé sì ń dà lójú Ìyá.

"Ìyá, àbí ara yín lẹ gún ni?" Aránṣọ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyàwó mi, ká ní o gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, ta ni ǹ bá gún lónìí?"

Aránṣọ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì kí àyè lè wà, ó gbé ọmọ náà sókè.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ gba ọmọ yín."