Fọ́tò Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé Nínú Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́

Ẹni tó bá rí Àṣàbí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi náà, bó ṣe ń sáré rìn lójú títì Sùúrùlérè, tí gèlè ń tú lórí rẹ̀ tí kò bìkítà, á rò pé wọ́n jí i lọ́mọ gbé ni. Ta ló máa mọ̀ pé nítorí kàlẹ́ńdà ni? Kàlẹ́ńdà lásán o! Ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, tí wọ́n máa ń to fọ́tò àwọn olóyè àti àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ sí róbótó róbótó yí ọjọ́ inú oṣù ká. Ẹgbẹ́ ìlú wo ni kì í ṣe é nígbà náà? Ọdún 1975 ń lọ sópin, owó epo rọ̀bì ti gun gbogbo ènìyàn lórí, abúlé tó bá ti ní ogún ọmọ l'Ékòó ti gbọ́dọ̀ tẹ kàlẹ́ńdà. Àwọn ọmọ Òkè-Ìrókò, ìlú kékeré kan lápá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, náà tẹ tiwọn. Fọ́tò bàbá Àṣàbí wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò yẹn ló fẹ́ sọ obìnrin yìí di wèrè.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Bàbá J. Ọ̀jẹ̀túndé, Ọ̀rẹ́ Ìlú."

Ọ̀rẹ́ ìlú, àbí ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n tò ó sísàlẹ̀ pátápátá, mọ́ lọ́yà kan ará Ìjẹ̀bú tó bá wọn ro ẹjọ́ ilẹ̀, àti agbaṣẹ́ṣe kan tó bá wọn gbẹ́ kànga. Ẹ̀gbẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n fi Bàbá sí, bí ẹni pé òun náà wá gba iṣẹ́ kànga ni.

Kí ló lè bí ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé jẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì gbáko ló fi ta ọjà wòròbò ní Tàmálè, nílùú Gánà, kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ibi tó ti wá. Bàbá Òkè-Ìrókò ni gbogbo ọjà ń pè é. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò pé ènìyàn mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ilé dé, inú pálọ̀ rẹ̀ ló ń sùn. Ẹni tó bá ń lọ sílé, kò ní lọ lọ́wọ́ òfo: páànù fún ṣọ́ọ̀ṣì, àga fún ilé-ìwé, aṣọ fún àwọn àgbà. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fi èdè àwọn Dàgọ́ńbà tó ni Tàmálè bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé, kò ní dá wọn lóhùn. Nígbà tí Àṣàbí sì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tí olóólà kan láti ilé ń kọjá ní Tàmálè, Bàbá dá a dúró, ó ní kó kọ ọmọ òun nílà ilé Oníṣọ̀nà, agbo-ilé tiwọn l'Ókè-Ìrókò. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Àṣàbí ṣì rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe dì í mú lórí, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kán sí aṣọ ìyá náà láyà.

Nígbà tó di ìparí ọdún 1969, ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti lò ju ogójì ọdún! Bàbá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀, ó gun lọ́rì pẹ̀lú àpótí kan àti aya kan. Àṣàbí àti ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n gba yàrá méjì ní Pápá Àjàó, ní Mushin l'Ékòó, Àṣàbí gbé máṣìn ìránṣọ rẹ̀ síta, ó ń rán aṣọ jẹun. Bàbá ní tòun, òun ń lọ sílé; ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò l'Ókè-Ìrókò tó fi padà wá bá wọn ní Mushin. Wọ́n bi í léèrè, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ kò bá òun lára mu mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún kejì. Kò tún sọ̀rọ̀ àtilọ sílé mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi í léèrè ìlú rẹ̀, á tó wákàtí kan kó tó jẹ́ kónítọ̀hún lọ.

Àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tí à ń wí yìí. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, kò ríran dáadáa mọ́, àyà ń dùn ún, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó gbé e dìde lórí ibùsùn ni ìgbà tí ẹgbẹ́ ní kí àwọn àgbà mú fọ́tò wá fún kàlẹ́ńdà. Ó wọ agbádá, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kò bi Àṣàbí pé kàlẹ́ńdà ńkọ́. Ẹ̀rù ń ba Àṣàbí pé kàlẹ́ńdà náà ni ọkùnrin yìí ń dúró dè kó tó kú. Ẹ wá rí ohun tó ń dúró dè!

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹnìkan na kàlẹ́ńdà náà sí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kò padà sílé. Ó kọrí sí Sùúrùlérè, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé nínú kíláàsì ilé-ìwé kan. Ohun tó fẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí wọ́n tún ìwé yẹn tẹ̀ kó tó dé ọwọ́ Bàbá.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó já wọlé, ó fi kàlẹ́ńdà gbá tábìlì níwájú Alàgbà Abọ́dúndé, alága wọn, ó sì ní kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìlú fún òun. Ọláolú akọ̀wé ló kọ́kọ́ dìde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn kó máa tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní kí Àǹtí fara balẹ̀, pé kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Àṣàbí ní bí kì í bá ṣe àṣìṣe, ìwà ìkà ni, kó yára sọ èyí tó jẹ́.

Ọláolú fa lẹ́tà kan yọ nínú fáìlì. Ó ní gbogbo ẹni tó mú fọ́tò wá làwọn kọ̀wé sílé nípa rẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú má baà jókòó láàárín ọmọ ìlú. Èsì tó ti ilé Oníṣọ̀nà wá ló kà sétí gbogbo wọn. Ilé Oníṣọ̀nà kí ẹgbẹ́ kú iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ Ọ̀jẹ̀túndé dáadáa, ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ilé àwọn. Ogun ló lé bàbá rẹ̀ wá, àwọn baba àwọn ló fún un ní yàrá. Wọ́n ní àwọn ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un nígbà tó ti Gánà dé tó ń béèrè yàrá.

Àṣé atẹ́gùn kọ́ ló lé Bàbá padà. Àṣàbí fẹ́ sọ̀rọ̀, Alàgbà Abọ́dúndé sì fi pẹ̀lẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó bá ọ jà," ó ní. "Ojú rẹ ti sọ ẹni tó o jẹ́. Ilà ilé Oníṣọ̀nà nìyẹn, èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo ti mú un. Jókòó sáàárín wa, ọmọ ilé ni ọ́."

Ìyá Àṣàbí ará Ọ̀fà ni. Kò dé Òkè-Ìrókò rí láyé rẹ̀. Àṣàbí dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Wọ́n ti sún àga fún un.

"Nígbà tí àga ilé-ìwé yín ń ti Tàmálè bọ̀," ó ní, "ta ni nínú yín ló kọ lẹ́tà láti béèrè bóyá ọmọ ìlú ló fi ránṣẹ́?"

Ọláolú tún táì rẹ̀ ṣe. Alàgbà ní owó ìwé ti tán, kò sí bí àwọn ṣe lè tún un tẹ̀, kó bá àwọn kí Bàbá. Àṣàbí gbá kàlẹ́ńdà rẹ̀ mú, ó jáde. Kò mọ bó ṣe rìn dé Pápá Àjàó. Bó ṣe ń bú ẹgbẹ́ ló ń bú ìlú, bó ṣe ń bú ìlú ló ń bú ọkùnrin arúgbó tó dùbúlẹ̀ sílé, tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó sì panu mọ́.

Ó ti pinnu pé òun á fi kàlẹ́ńdà náà pamọ́, òun á ní wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kí ènìyàn fi nǹkan pamọ́. Bó ṣe wọlé, Bàbá gbórí sókè, ó ní ṣé kàlẹ́ńdà ni òun gbọ́ ìró rẹ̀ yẹn. Àṣàbí jù ú sórí ibùsùn.

"Ọ̀rẹ́ ìlú ni wọ́n pè yín," ó ní. "Ẹ sì ti mọ̀."

Bàbá fọwọ́ wá ìwé náà, ó ń fọwọ́ pa á. Ó ní láti kékeré lòun ti mọ̀. Ọmọdé ni bàbá òun nígbà tí ogun dé, wọ́n gbé e lẹ́yìn sá kúrò níbi tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó gbé e sì kú sójú ọ̀nà. Ìdí tí òun alára kò fi kọlà nìyẹn. Bàbá òun ní òun ò ní kọ ilà onílà fún ọmọ òun, tiwọn sì rèé, òun ò rántí bó ṣe rí.

Àṣàbí figbe ta. "Bàbá yín ò kọ ilà onílà fún yín. Ẹ̀yin wá kọ ọ́ fún mi! Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé ojú ọmọ ẹlòmíì kiri. Kí ni mo ṣe yín?"

"Mo kọ ọ́ fún ọ," Bàbá ní. "Nígbà tí a wà lọ́mọdé nínú ilé yẹn, bí wọ́n bá ń pín ẹran, bí wọ́n bá ń pín oko, bó jẹ́ eré lásán la ń ṣe, wọ́n á ní, 'Ìwọ tí ogun lé wá, sún sẹ́yìn.' Ojoojúmọ́ ni. Mo ní bí mo bá bímọ, ẹnu ẹnikẹ́ni ò ní gbà á láti sọ ọ́ sí i lójú. Ṣé wọ́n sọ ọ́ sí ọ lónìí?"

Àṣàbí fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ parọ́ kó lè dun arúgbó náà bó ṣe dun òun. Ó rántí àga tí wọ́n sún fún un nípàdé.

"Rárá," ó ní.

Bàbá mi orí. Àṣàbí tún bi í, ó ń fi ìbínú pariwo, pé kí ló wá ń fẹ́ nínú kàlẹ́ńdà àwọn tó lé e, àwọn tó jẹ lára rẹ̀ fún ogójì ọdún tí wọn ò fún un ní yàrá kan ṣoṣo.

"Ibo ni kí n wá fẹ́?" Bàbá ní. "Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá mi sí. Bí mo bá sùn, ibẹ̀ ni mò ń lálàá rẹ̀. Mi ò ní òmíràn, Àṣàbí. Bá mi gbé e kọ́."

Àṣàbí wá ìṣó, ó fi òkúta kan kàn án mọ́ ògiri níwájú ibùsùn, ó ń gbá a bí ẹni pé orí ẹnìkan ló ń gbá. Ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́.

Ariwo ìṣó náà ló mú Sìmíátù, ayálégbé tó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn, yọjú wọlé. Sìmíátù kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa kàlẹ́ńdà, gbogbo ilé ló mọ̀, Bàbá ti ròyìn rẹ̀ fún wọn tán. Ó yìn ín, ó nàka sí fọ́tò Bàbá lójú ẹsẹ̀, agbádá ló fi mọ̀ ọ́n, ó ní kí Àṣàbí jọ̀ọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún òun.

Bàbá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àṣàbí gbọ́ tí mímí rẹ̀ dúró.

"'Bàbá J. Ọ̀jẹ̀túndé,'" ó kà á sókè, ó rọra ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, "'ọmọ bíbí ilé Oníṣọ̀nà, Òkè-Ìrókò.'"

Sìmíátù yíjú sí ibùsùn, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá kú oríire. Bàbá dá a lóhùn. Ó ní kó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa odò kan tó wà lẹ́yìn ilé Oníṣọ̀nà, bí omi rẹ̀ ṣe máa ń tutù láàárọ̀. Àṣàbí kò lè dúró gbọ́ ọ. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, inú ń bí i gidi gan-an, ó sì ń sunkún.