Omi Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ní ilé-iṣẹ́ wa, Bàbá Oníná ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe nítorí ìbínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ omi wò kí ó tó jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á. Inú òkúta lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ni omi náà ti ń sun. Páìpù gbé e wọlé, ó gba inú asẹ́ mẹ́ta kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń rọ ọ́ sínú ìgò oníke. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yẹn, táàpù kékeré kan wà lára páìpù. Ibẹ̀ ni mo ti ń bu èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Láràárọ̀, màá fi òwú tó ní sípíríìtì nu ẹnu táàpù náà, màá ṣáná sí i, màá jẹ́ kí ó jó dáadáa, kí n tó gbé ìgò mi sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ìdọ̀tí ẹnu táàpù kò gbọdọ̀ di ẹ̀sùn sí omi lọ́rùn.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Màá da omi náà sínú àwo gíláàsì pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò àìfojúrí wà nínú rẹ̀, màá tì í mọ́ inú àpótí ooru fún ọjọ́ méjì. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, yóò yọ sójú àwo bí èélá. Àwo tèmi mọ́ nígbà gbogbo. Màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá fọwọ́ sí i.

Nígbà tí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bá ìyàwó mi jà, dókítà ní kí a jókòó. Ó ní oògùn tí òun fẹ́ máa fún un yóò kojú àìsàn náà, ṣùgbọ́n yóò gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kòkòrò tí ẹlòmíràn yóò gbé mì tí kò ní mọ̀, ó lè dá a dùbúlẹ̀.

"Ẹ máa se omi tí ó bá fẹ́ mu," ó ní, "tàbí kí ẹ máa fún un ní ti inú ìgò, èyí tó dára."

Mo ní, "Dókítà, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ fún mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé omi ilé-iṣẹ́ wa wálé ní páálí páálí. Ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá wa ni mo ń tò ó sí. Mo sọ fún un, mo sì sọ fún ọmọ wa obìnrin, aránṣọ, tó ń wá tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, pé omi mìíràn kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ìyàwó mi gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Bàbá Oníná, ẹ kúkú wá ṣáná sí ẹnu tèmi náà, bóyá oògùn yìí kò ní korò mọ́."

"Mu omi rẹ."

"Ẹ gbọ́ o!" Ó yíjú sí ọmọ wa. "'Mu omi rẹ.' Ọgbọ̀n ọdún ó lé, ìfẹ́ bàbá rẹ kò tíì ju báyìí lọ."

Ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, omi inú ìgò tán. Páálí tuntun wà nínú ọkọ̀ mi, mo gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Àkókò oògùn ti tó, ọmọ wa bu ife omi kan ní táàpù ilé ìdáná, ó fún ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tí mo dé. "Bàbá, ẹ má bínú, ife kan péré ni." Mo jáde lọ gbé páálí náà wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, ibà gbé ìyàwó mi.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni dókítà ti sọ fún wa pé kòkòrò kan tó ń gbé inú omi ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó fún mi. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò pariwo. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ọwọ́ rẹ ló ti mu ún."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ fi wá sílẹ̀.

Ó tó oṣù kan tí a ti sin ín kí ọkọ ọmọ mi, tó ń tún fíríìjì ṣe, tó wá kí mi.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá."

"Káàbọ̀. Jókòó."

Kò jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Omi ló ń sè látàárọ̀ dalẹ́, kì í sùn. Ó se é títí ìkòkò fi jó. Bí ọmọ wa kékeré bá ní kí ó bu omi fún òun, èmi ló máa ń pè kí n wá bù ú. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ tí Màmá ti kú. Ó ní ọwọ́ tó pa ìyá ẹni kò yẹ kó rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ló sọ pé ó pa á?"

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Mo ní ohun tí mo rí ni mo sọ. Ó dágbére fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo padà síbi iṣẹ́. Fèrè là ń pe ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìrọmi, nítorí pé láti àárọ̀ ló ti máa ń súfèé. Ó rí mi níbi tí mo ti ń ṣáná sí táàpù.

"Bàbá Oníná, ẹnu táàpù yìí mọ́ ju ẹnu ọkọ ìyàwó lọ."

"Dojú kọ iṣẹ́ rẹ."

"Mò ń ṣe é, sà. Ìbéèrè kan péré ni. Àwọn tó ń ra omi wa, ṣé wọ́n máa ń ṣáná sí i kí wọ́n tó mu ún ni? Ẹnu ẹ̀rọ tèmi yìí, iná ò kàn án rí o."

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo ní kí ó pa ẹ̀rọ. Mo ki ìka bọ ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá kéékèèké tó ń rọ omi sínú ìgò. Inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ara ẹja.

"Ìgbà wo lo fọ inú eléyìí kẹ́yìn?"

"Inú kẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń nù, sà. Ẹnikẹ́ni ò sọ ti inú fún mi."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Ìlà kan wà nínú ìwé àyẹ̀wò fún omi inú ìgò tí a ti dé. Ohun tí mo bá rí ní táàpù ni mo máa ń tún kọ síbẹ̀, nítorí pé mo gbà pé omi kan náà ni. Níbi tí omi ti mọ́ jù lọ ni mo ti ń bu ú, lẹ́yìn tí mo bá ti fi iná tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. N kò ṣí ìgò kan wò rí láti ọdún mẹ́tàlélógún wá.

Ìgò mẹ́rin ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé méjì lọ síbi iṣẹ́ láìṣí wọn. Mo bu omi táàpù ilé ìdáná wa náà, n kò sì ṣáná sí i. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni, mo sì ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọjọ́ méjì pé, mo ṣí àpótí ooru. Àwo omi ilé ìdáná mọ́. Àwo ti ìgò méjèèjì kún fọ́fọ́ fún kòkòrò aláwọ̀ ewé, ó ń ta òórùn dídùn bí èso àjàrà. Mo mọ òórùn yẹn láti ilé ẹ̀kọ́. Mo yọ ìwé dókítà nínú àpò mi, mo tún ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Òun náà ni. Lẹ́yìn náà, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà ka ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Ìwé yín àtẹ̀yìnwá ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni ìwé mi àtẹ̀yìnwá ń pa. N kò mọ̀ ni."

Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n sì gba gbogbo omi tó ti jáde padà. N kò dúró wò ó. Ilé ọmọ mi ni mo gbà lọ.

Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí aṣọ bò. Ó ti rù. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá omi gbígbóná. Ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Jókòó."

"Mo fẹ́ dúró."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí táàpù dé orí àwo. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Mo ní, "Ife kan tí o bù yẹn kò ṣe nǹkan kan. Omi tí mo gbé wálé ni. Ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

Mo rò pé yóò sunkún. Ó kàn ń wò mí.

"Lẹ́yìn tí ẹ bá mi wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní, "ṣé ẹ mọ omi tí mo ń fún Màmá?"

Mo mi orí.

"Tiyín. Tiyín nìkan. Nọ́ọ̀sì fẹ́ fún un ní èyí tí wọ́n sè, mo ní rárá, Bàbá mi ló mọ̀ nípa omi. Kò lè gbórí sókè mọ́, ṣíbí ni mo fi ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Kò wù ú mu. Ó ń mu ún nítorí pé ẹ̀yin lẹ rù ú wá. Ọjọ́ márùn-ún, Bàbá."

"Èmi ni mo ní kí o ṣe é."

"Ọwọ́ mi yìí náà kọ́?"

Mo wá láti sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí ọmọ mi, mo tún gbé òmíràn rù ú.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Ti ọwọ́ yẹn. Ẹ wojú mi kí ẹ tó sọ ọ́."

Mo wojú rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ ni. "Ọwọ́ mi ni. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

Nígbà náà ló bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Mo na ọwọ́ sí i. Ó fà sẹ́yìn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Tí mo bá ti lè rí yín, màá wá."

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń pè mí lórí fóònù. Lánàá, ó ní ìyàwó òun ti gba aṣọ ilé-ìwé mẹ́fà láti rán, ó sì ti ń sùn.

"Ó dára," mo ní.

"Ṣé kí n sọ fún un pé ẹ kí i?"

"Má sọ ọ́. Jẹ́ kí ó máa sùn."