Ìsàlẹ̀ Agolo Búlúù

Bí ẹ bá ní ìkòkò lórí iná, ẹ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ èyí, nítorí ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè họ ara títí omi ìkòkò yín á fi gbẹ. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Alága ni wọ́n ń pè é, torí bó ṣe máa ń gbé ikùn síwájú nínú apẹ̀rẹ̀, tí á máa wo gbogbo ayé bíi pé wọ́n pẹ́ dé ìpàdé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ sán bí ilẹ̀ tí òjò ti gbàgbé láti ìgbà tí baba ńlá mi ti wà ní àpọ́n. Àléfọ́ ni nọ́ọ̀sì pè é. Bí Alága bá fi èékánná kan ara báyìí, àwọn tó ń gbé òkè kẹta á ní eku ti wọ àjà.

Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá ìfọṣọ wà, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́rin ti ń ké bí erin mẹ́rin tí eyín ń dùn wọ́n. Òun nìkan ló ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Ó mọ ẹni tó da kọfí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mọ ẹni tó sunkún sára ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ òun. Atukọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ó ti wà lójú òkun láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù méje, ohùn rẹ̀ sì ń wọ inú fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí òjò ẹ̀ẹ̀rùn: á kán díẹ̀, á sì dá. Nítorí náà, Alága nìkan ni obìnrin yìí rí bá sọ̀rọ̀. Á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó fi ń ká aṣọ, á máa ròyìn fún un.

"Alága, ẹ wá wo nǹkan. Ẹni yàrá kejìlá tún ti fi táwẹ́lì nu bàtà."

"Bú," ni Alága á wí.

"Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ìwé sí i."

Ibà ló gbé ìyá yìí dè nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, nígbà tó fi máa dìde, ọmú rẹ̀ ti gbẹ. Ó wá ra mílíìkì màlúù inú agolo búlúù kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ara Alága fi tú. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé di dókítà. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní kó fún un ní mílíìkì ewúrẹ́. Obìnrin ilé ìtajà ní mílíìkì ewúrẹ́ kẹ̀, ti ẹ̀wà sóyà ni. Ó ṣe ti ewúrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣe ti sóyà fún mẹ́rin, ó padà sí ti agolo búlúù, ó tún padà lẹ́yìn rẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, agbo ẹran kan àti oko ẹ̀wà kan ti wà nínú ikùn Alága, gbogbo wọn sì ń bára wọn jà láti ojú awọ ara jáde.

Ìgbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wò ó títí.

"Ìyá Alága, ṣé ọmọ lẹ̀ ń bọ́ ni, àbí ọjà lẹ̀ ń tọ́ wò?"

"Ẹ má bínú, màá. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni."

"Àwọn wo ni wọ́n?" Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo àléfọ́ ló ń ti inú mílíìkì wá. Ṣùgbọ́n dókítà ti yẹ tiyín wò, ó sì ní mílíìkì màlúù lòun fura sí. Ti ewúrẹ́ tí ẹ gbé bọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti màlúù. Ẹ ò lè lé ẹ̀gbọ́n jáde kí ẹ wá gba àbúrò sílé." Ó gbé agolo funfun kan sórí tábìlì. "Eléyìí, wọ́n ti gé èròjà inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, tí ara ọmọ ò fi ní dá a mọ̀. Òun nìkan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má po nǹkan kan mọ́ ọn. Kí ẹ sì máa fi ìpara yìí pa á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ń rùn díẹ̀ o."

Díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì pè é. Mílíìkì yẹn ń rùn bí ọ̀dùnkún tó sun oorun ọdún kan nínú bàtà sójà. Alága kọ́kọ́ tu ú sí ìyá rẹ̀ lójú, ó sì wò ó bí ẹni pé wọ́n máa dìbò yọ ọ́ nípò ìyá.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ọkọ rẹ̀ pè. Opó ni wọ́n, ìrìn ọjọ́ kan ni ilé wọn sí tirẹ̀.

"Ìyàwó, báwo lara ọmọ mi?"

"A ti gba mílíìkì tuntun, Màmá."

"Ìkẹta nìyẹn àbí ìkẹrìnlá? Gbọ́ o. Bí oṣù yìí bá parí tí ara ọmọ yìí ò dán, mò ń bọ̀ wá gbé e. Ọmọ ọmọ mi ò ní dàgbà nínú yàrá ọṣẹ."

"Ẹ ṣé, Màmá," ló wí. Kí ni ìyàwó ilé tún lè wí? Ṣùgbọ́n ó wo apẹ̀rẹ̀ ọmọ, ó rò ó bí yóò ṣe rí lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kí àwọn erin mẹ́rin máa ké, kí òun sì máa ròyìn yàrá kejìlá fún ògiri. Ojú rẹ̀ ṣú.

Ibi tí ó ti wá ṣe àṣìṣe nìyí, ọwọ́ ló sì ṣe é, kì í ṣe orí. Ọmọrí agolo funfun náà rọ̀, kì í dé. Ti agolo búlúù ní tirẹ̀ le débi pé èèrà tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Mílíìkì àkọ́kọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ agolo búlúù yìí, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ní yàrá ìfọṣọ, bí ọṣẹ tuntun bá dé, orí èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n máa ń dà á sí. Ẹnikẹ́ni kì í da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì nù. Ọdún mẹ́fà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó da mílíìkì funfun lé ti àtijọ́ lórí, ó fi ṣíbí àtijọ́ rò ó, ó dé e pa, ó sì gbọnwọ́. Nígbà tó bá tún ṣẹ́ kù díẹ̀, á da òmíì lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Alága ṣì ń họ ara.

Lọ́jọ́ kan ní ọ̀sán, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sọ̀ kalẹ̀ wá, ó mú àpò ìrọ̀rí kan dání.

"Òórùn òdòdó. Àlejò ń sín láti àárọ̀, ó ti sín tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé mi. Ṣebí ọṣẹ tí kò lóòórùn ni mo rà láti oṣù tó kọjá?"

"Òun náà la ń lò, ọ̀gá."

Ọ̀gá ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó ki imú bọ̀ ọ́. "Ṣé ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì yìí kí ẹ tó da tuntun sí i?"

"A kì í fọ̀ ọ́. Orí èyí tó wà nílẹ̀ la máa ń dà á sí."

"Ẹ ti da tuntun lé ti àná lórí nígbà mẹ́rin, ti àná ò sì tíì kó jáde nílé." Ọ̀gá mi orí, ó gun àkàsọ̀ lọ.

Obìnrin náà dúró. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo Alága tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu etí apẹ̀rẹ̀, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí.

"Alága," ló wí jẹ́jẹ́, "èmi ni."



Nígbà tó délé, ó da ohun tó wà nínú agolo búlúù nù pátá, ó gbé agolo sóde pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ tó le. Ó se fídà tí Alága fi ń mu mílíìkì, ó se orí ọmú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó se tábìlì. Ó ṣí agolo funfun mìíràn, ó lo ṣíbí tirẹ̀, ó sì fi rọ́bà de ọmọrí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ lákọ̀tun. Oṣù ku ọjọ́ márùn-ún. Ó wá mú fóònù.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọmọrí dé ìsàlẹ̀ agolo.  Ó ń gbọ́ aago ara ògiri ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kò gbọ́ ohùn mìíràn nínú ilé yẹn.

"O lè sọ pé mílíìkì náà ni kò dára," ni ìyá ọkọ wí níkẹyìn.

"Mo lè sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Kí ló wá dé?"

"Kò sẹ́lòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún."

Aago dún díẹ̀ sí i.

"Nígbà tí ọkọ rẹ wà lọ́mọ ọwọ́," ni wọ́n wí, "òróró kẹ̀kẹ́ ni mo fi pa á lára fún odindi ọjọ́ méjì. Mo rò pé ìpara ni. Ọmọ ń dán bí mọ́tò tuntun, bí mo bá gbé e, á yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja. Bàbá rẹ̀ kú, kò mọ̀." Wọ́n húkọ́. "Lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ń mu ún lọ́sàn-án, gbé fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n máa gbọ́ pé ó ń mu ún."

Lójoojúmọ́ lọ́sàn-án ló ń gbé fóònù sétí apẹ̀rẹ̀. Àwọn erin á máa ké, Alága á máa fa mílíìkì tó ń rùn náà bí ẹni tó fẹ́ fa òkun gbẹ kí bàbá rẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn wálé, ìyá àgbà á sì máa gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọ̀. Ẹ̀yìn orúnkún ti jinná. Nọ́ọ̀sì ní àléfọ́ kì í kó ẹrù rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì lè yà wá kí wọn, ṣùgbọ́n mílíìkì ti bára mu.

"Màmá, ara ẹ̀ ti ń dán. Ìgbọ̀nwọ́ òsì nìkan ló kù."

"Ó dáa."

Kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ síbí tẹ́lẹ̀," ni ìyá ọkọ wí. "Mo ti so àwọ̀n ẹ̀fọn. Màá ká a tó bá dọ̀la."

Obìnrin náà wo apẹ̀rẹ̀ tí Alága kún inú rẹ̀. Ó mọ bí èyí tó ṣófo ṣe máa ń rí, torí ó ti rò ó rí.

"Ẹ má ká a, Màmá. Ìsinmi mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àwa méjèèjì la ó wá."

"Ta ni yóò fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì?"

"Kí wọ́n sun orí ìdọ̀tí wọn."

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú imú.  Alága mu fídà rẹ̀ tán, ó sùn, aago ń dún lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ń ké níhìn-ín, àwọn méjèèjì ò sì pa fóònù.