Ọjọ́ Tí Mo Ka Èébú Mi Sókè

Ẹnu mi mú, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi a máa sọ pé kí n gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé gíláàsì tì, kí n máa fi ẹnu gé e.

Iṣẹ́ awò ojú ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń gé gíláàsì, tí mò ń fi í sínú férémù, tí mò ń gbé e lé imú onímú. Ìyàwó mi ló máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń gba àwọn oníbàárà lálejò, torí òun lọ́yàyà, èmi ò ní. A ò bímọ. Nígbà tó kú, ibẹ̀ dá wáí. Àwọn ènìyàn á wọlé, wọ́n á mú awò wọn, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ẹ̀dá alààyè sọ sí mi.

Ilé ìwòsàn àdúgbò wa ló kú sí, dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a sin ín, mo ṣí ojú ìwé kan lórí ayélujára, mo sọ ara mi ní Sòótọ́-Má-Bẹ̀rù, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé apànìyàn ni dókítà náà. Kí n tó jẹun tán, ogójì ènìyàn ti dá sí i. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ síta, wọ́n ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Ogójì ènìyàn nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan. Lọ́jọ́ kejì mo tún kọ. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní olójúkòkòrò, mo bi í pé irú ìyá wo ló bí i. Oṣù méje ni mo fi ṣe é bí ẹni ń lo oògùn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́.

Dókítà fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn nínú ṣọ́ọ̀bù èmi gan-an. Akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá tún apá awò rẹ̀ ṣe, ní kò yẹ kí wọ́n mú ènìyàn torí èébú. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ìyàwó òun ì bá ti gbó sẹ́wọ̀n. Tíṣà kan tó jókòó tì í ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ dókítà náà wà ní kíláàsì òun, àti pé láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka èébú ìyá rẹ̀ sí i létí, ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n bi mí pé kí lèmi rí sí i. Mo bi akọ̀wé bóyá férémù náà ò fún un létí jù.

Kì í ṣe ọgbọ́n ọlọ́pàá ló tú àṣírí mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí mi, mo kọ ọ́ pé: “Kí lo fẹ́ rí lára aláìsàn, ìwọ tí ojú òsì rẹ ti di nọ́ńbà mẹ́jọ ààbọ̀?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ ọ́. Ẹlòmíràn ì bá kọ afọ́jú, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló ń fi nọ́ńbà gíláàsì bú ènìyàn bí kò ṣe ẹni tó gé e? Lọ́jọ́ tí dókítà wá ṣe awò rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn aláìsàn rẹ̀ má bàa máa bẹ̀rù. Èmi àti òun nìkan la mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá mú mi. Ọlọ́pàá obìnrin kan tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló gba fóònù mi. Ó ń pè mí ní bàbá, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Dókítà ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí n ka gbogbo ohun tí mo kọ sí òun, lójú òun, kí n kà á sókè. Bó bá gbọ́ ọ tán tó sì yọwọ́ nínú ẹjọ́, kí n máa lọ sílé. Bí kò bá yọwọ́, àhámọ́ ni mo máa wà di ọjọ́ Ajé, tí wọ́n á gbé mi lọ sí kóòtù.

Mo ní kò burú. Ṣebí ọ̀rọ̀ èmi náà ni.

Yàrá náà kéré. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Dókítà wọlé, awò tí mo gé fún un wà lójú rẹ̀. Ó kí mi, èmi náà ní, “Ẹ káàsán, Dókítà.” Wọ́n gbé ìwé lé mi lọ́wọ́, ojú ìwé mọ́kànlá, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé “ìwọ” lè wúwo lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, mi ò pè é ní ìwọ lójú rẹ̀ rí. Ní báyìí, ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mò ń kà á sí létí: ìwọ ọ̀lẹ, ìwọ apànìyàn, ìyá rẹ. Mo rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún. Ó ń fetí sílẹ̀ bó ṣe máa ń fetí sí àyà aláìsàn, bí mo bá sì ń sáré kà á, á ní kí n rọra.

Ojú tì mí. Àmọ́ mo ní láti sọ èyí náà: láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò tíì sẹ́ni tó jókòó gbọ́ ohùn mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Apá kan lára mi ò fẹ́ kí ìwé náà tán.

Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹsàn-án, mo kà á pé, “Ká ní o tètè tọ́jú ìyàwó mi ni, kì bá kú.” Dókítà gbọ́wọ́ sókè.

“Bàbá, ọjọ́ wo ni àìsàn yẹn bẹ̀rẹ̀?”

Ọlọ́pàá náà dáwọ́ kíkọ dúró.

“Ọjọ́rú,” ni mo wí.

“Ọjọ́ wo lẹ gbé wọn wá?”

“Ọjọ́ Ajé.”

Ọjọ́rú ni ìyàwó mi ní àyà ń dun òun, tó ní ká lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n parí ogún awò tí mo ti ṣèlérí fún ilé ìwé kan. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Kò sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kí àwọn ènìyàn. Èmi ni mo dá a dúró, kì í ṣe dókítà. Gbogbo oṣù méje tí mo fi ń bú obìnrin yìí, ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ tí a dé sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi han ẹnikẹ́ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ síta.

“Ọ̀rọ̀ aláìsàn mi ni,” ló wí. “Èmi kì í sọ ọ́.”

Mo ka ìyókù tán. Mo bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe torí àhámọ́ mọ́. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, òun ò sì kórìíra mi.

“Ṣùgbọ́n ọmọ mi ka gbogbo ẹ̀, bàbá. Mi ò lè yọwọ́.”

Ó buwọ́ lùwé, ó ní ó dàbọ̀, ó lọ.

Ọlọ́pàá náà fa fọ́ọ̀mù mìíràn yọ. Ó ní òun gbọ́dọ̀ pe ẹnì kan láti sọ ibi tí mo wà. Mo ní kó fún mi ní fóònù mi kí n wo nọ́ńbà. Ó ní fóònù ti di ẹ̀rí, kí n pe nọ́ńbà èyíkéyìí tí mo bá mọ̀ sórí. Mo ronú. Àwọn tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n lórí ayélujára ti lé ní ẹgbẹ̀ta, mi ò mọ orúkọ tí ìyá ẹnì kankan nínú wọn sọ ọ́. Mo pe nọ́ńbà kan fún un, mò ń pè é díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù sétí, ó dúró, ó ní kò lọ.

“Ta ló ni nọ́ńbà yìí, bàbá?”

Mo ní ìyàwó mi ló ni ín.