Àlejò Ló Kọ́kọ́ Mú

Pálọ̀ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ awakọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀: Nàìjíríà, Kútọnu, Tógò àti Gánà. Lọ́dún 1983, kò sí alága, kò sí ọ́fíìsì. Festus ọkọ mi nìkan ni akọ̀wé. Bí wọ́n bá ti awakọ̀ kan mọ́lé ní bọ́dà, yóò gbé báàgì, yóò lọ bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà tún bí àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké. Ọkọ mi ò kúrò nídìí ẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹgbẹ́ yẹn ni orogún mi.

Lọ́dún 1992, wọ́n ní ó tó kí ẹgbẹ́ ní ilé iṣẹ́ àkóso gidi, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Ipò mẹ́rin ni: akọ̀wé àgbà, akápò, alukoro, alábòójútó ilé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò mú ọ̀kan. Akọ̀wé àgbà ni ọkọ mi ń fẹ́, kò sì fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Julius, ará Gánà tó jẹ́ alága ìpàdé, ní kí Nàìjíríà kọ́kọ́ mú, torí àwa la nilé. Ọkọ mi dìde, ó rẹ́rìn-ín.

"Rárá o. Ẹ jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ mú."

Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni mo dúró sí, mò ń gbọ́ wọn. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí onílé bá sọ bẹ́ẹ̀, àlejò á ní, "Ó tì o, ẹ̀yin lẹ ni ín." Wọn á máa rọ ara wọn títí ohun tó tọ́ sí onílé á fi padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Gánà mú akọ̀wé àgbà. Kútọnu mú akápò. Tógò mú alukoro, ó ní kí ilé iṣẹ́ wà ní Lomé, kí ọmọ Lomé sì máa bójú tó o, ni ipò kẹrin bá tún lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Nàìjíríà á rí tirẹ̀ mú tó bá yá.

Wọn ò ṣẹ̀ wá, àwa la ní kí wọ́n mú. Síbẹ̀ inú ń bí mi. Irú ẹ̀kọ́ ilé wo ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni?

Ní Sátidé, ọkọ̀ wá kó àwọn àga àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ lọ sí Lomé. Ọkọ mi bá wọn kó ẹrù náà, ó sì ṣàdúrà fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá Yẹ́misí, ẹ dìde, ẹ wá jẹun jàre."

"Ìyá Yẹ́misí," ó ní, "wọn ò tiẹ̀ rọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í.